Ọkùnrin Tí Ó Ń Dijú Ta Fayolín

Ọkùnrin kan wà ní abúlé àwọn apẹja kan ní ilẹ̀ Írẹ́lándì. Fíntan ni orúkọ rẹ̀, fayolín títa sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Èjìká ni wọ́n ń gbé fayolín lé, ọ̀pá ni wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀, bí àwọn tiwa ṣe ń fa gòjé. Ní ìlú wọn, ìgbéyàwó tí kò bá ti sí fayolín, kò sí ijó níbẹ̀. Àwọn oníjó a máa fi bàtà lu ilẹ̀ pákó bí orin bá ṣe ń lọ.

Nígbà tí ọwọ́ Fíntan mọ́ iṣẹ́ náà tán, ó lọ sí ìlú ńlá. Ní ọ̀hún, àwọn ènìyàn kì í jó. Wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á máa wò ó. Bí ó bá ṣe sáré tó ni àtẹ́wọ́ ṣe ń pọ̀ tó. Wọ́n gba orin rẹ̀ sínú àwo, òkìkí rẹ̀ kàn. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ láti máa dijú bí ó bá ń ta á, torí kò sí ohun tí ó fẹ́ wò.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, Fíntan sì padà wálé. Ìyá wọn ti dàgbà, orúnkún ń dà á láàmú. Síbẹ̀ ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ di ìyàwó pé, "Mà á bá ọ jó ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré."

Fíntan jókòó, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀. Inú gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó ṣe, orin náà sáré ju ẹsẹ̀ lọ, àwọn àgbà fara ti ògiri. Ìyá jáde, ó di ọwọ́ ìyàwó mú, ó gbé ẹsẹ̀, ó ṣì í. Ó tún gbé e, ó tún ṣì í. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ jókòó. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ pàápàá fi tú ká.

Fíntan parí orin, ó ń retí àtẹ́wọ́. Ó la ojú, kò rí ẹnì kan lórí pákó.

Ó ní, "Kí ló dé? Ṣé orin náà kò dùn ni?"

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ó dùn, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá jáde wá jó. Ẹ kò rí wọn."

Fíntan gbé fayolín sílẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mà á rọra ta á."

Ìyá fọwọ́ pa á lórí. "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ó di ọjọ́ mìíràn."

Ọjọ́ mìíràn náà kò dé. Òtútù ọdún yẹn ni ó mú ìyá lọ.

Fíntan kò padà sí ìlú ńlá mọ́. Ó ń ta fayolín káàkiri àwọn abúlé, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn. Bí arúgbó bá jáde, orin á rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Nígbà tí ẹni tó gba orin rẹ̀ sínú àwo wá bá a níbi ijó kan, ó ní ọwọ́ Fíntan ti lọ́ra. Fíntan ní, "Bàbá tó ń jó yẹn ni mò ń tẹ̀ lé."

Ìwọ tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olùkọ́ àwọn àgbà, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ, o sì mọ ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn ti pa Bíbélì rẹ̀ dé kí o tó dé ìdajì ẹ̀kọ́, o kò sì mọ̀. Lọ kí i nílé. Béèrè ibi tí ó bá ọ dé, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.