Ọ̀nà Ọjọ́ Ajé

Ọkùnrin kan wà ní Òṣogbo, olùkọ́ ni, Iléṣà ló sì ti ń kọ́ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ nínú ọkọ̀ kan tó ti gbó kọjá àtúnṣe. Tó bá di Sátidé, ọkùnrin yìí a máa bá ẹgbẹ́ kan lọ ṣe eré ọkọ̀. Wọ́n á to kóònù oníke sórí pápá ńlá kan, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì máa yí gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá yára jù, tí kò wó kóònù, òun ló borí. Eré náà ti wọ̀ ọ́ lára.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọkọ̀ láìkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ipa ọ̀nà náà dé òpin, kó wo ibi tó fún àti ibi tí iyanrìn wà. Bí àwọn yòókù bá rìn ín lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin yìí á tún padà lọ rìn ín.

Nígbà tí ọkọ̀ àtijọ́ náà kú pátápátá, agbára wọn kò ká ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí yóò gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ náà ni yóò sá eré Sátidé. Ọkùnrin náà rí tòkunbọ̀ pupa kékeré kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lélẹ̀. Ẹni tó ń tà á gbé e wá sí pápá pé kó wà á wò. Ọkọ̀ náà yí gba àárín kóònù bí ejò, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì hó yèè. Lójú ẹsẹ̀ ló ní òun yóò mú un.

Inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Kó tó jókòó nílé ló ti ń ròyìn. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Bàbá Morẹ́nikẹ́, ṣebí ẹ máa ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Sátidé kí ẹ tó wakọ̀ níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló ti bá wa rin ti ọjọ́ Ajé?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí òótọ́ ni. Kò jẹun tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Ajé dé, ó yá ọkọ̀ pupa náà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sí i, wọ́n kọjú sí Iléṣà. Ní gbogbo gegele tí wọ́n mọ sójú títì láti dín eré ọkọ̀ kù, ikùn ọkọ̀ náà ń ha ilẹ̀. Orúnkún ti ń yọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ méjèèjì kó tó lè jáde. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó dá ọkọ̀ padà.

Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ tó wù ú tí kò kọ́kọ́ gbé gba orí gegele kó tó gbé e dé pápá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ló ń bá a yan ọkọ̀. Ó wá a títí ó fi rí kékeré kan aláwọ̀ eérú, tó ga díẹ̀ nílẹ̀, tó sì yá bí a bá ń yí i. Ó rà á.

Ẹlòmíràn ló ra pupa náà, òun ló sì borí ní Sátidé. Ọkùnrin yìí ṣe ipò kejì. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ pupa wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, olùkọ́ àti ìyàwó rẹ̀ sì ti dé Iléṣà kí agogo ilé ẹ̀kọ́ tó dún.

Ìwọ tí o dìde láàárín wa lánàá, tí o ní o máa kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣaláìsí sọ́dọ̀, a pàtẹ́wọ́ fún ọ, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ìpàtẹ́wọ́ wa, ti pápá Sátidé ni. Pe ìyàwó rẹ, kí ẹ jọ fi ẹsẹ̀ rin ọjọ́ Ajé àwọn ọmọ náà: ibi tí wọn yóò sùn, ẹni tí yóò máa jí wọn, ohun tí wàá sọ lọ́jọ́ tí èyí àgbà bá wò ọ́ lójú pé ìwọ kọ́ ni bàbá òun. Bí ẹ bá rìn ín dé òpin, tí ọkàn yín kò sì yẹ̀, lọ kó wọn wá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ dúró.