Òkété Tí Wọn Kò Gbà Wọ Ìpàdé

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ o!
Àlọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó dé ìdí igi àràbà, ó bá Òkété níbẹ̀. Òun àti àwọn ẹyẹ ló jọ ni igi náà, kálukú pẹ̀lú ihò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ nìkan ló ń ṣèpàdé ilé. Àgbìgbò ni alága wọn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pèpàdé láti dí ihò Òkété, torí pé ibẹ̀ ni Ejò ń gbà gòkè wá jẹ ẹyin wọn. Òkété gbọ́, ó dúró nísàlẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ gbà mí wọlé, mo lọ́rọ̀ sọ,
Jálańkátó!
Èmi náà nílé níbẹ̀,
Jálańkátó!

Àgbìgbò ní, "Ìyá, ẹ ṣì dúró ná." Ó tún kọrin, wọ́n ní ẹni tí kò níyẹ̀ẹ́ kì í bá àwọn jókòó. Ìgbà kẹta, wọn kò tilẹ̀ dá a lóhùn.

Ó sunkún lọ wá oúnjẹ. Kó tó dé, wọ́n ti fi amọ̀ dí ihò náà pa. Òkété fi èékánná gbẹ́ amọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Nígbà tó ráyè wọlé, àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú.

Àgbìgbò bú sẹ́kún. "A rí i pé ẹ jáde. A ò mọ̀ pé ẹ ti bímọ síbẹ̀!"

Òkété kó àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ wá sọ fún yín nìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí, kò lè dìde mọ́.