Igi Tí A Ri Ìwọ́ Ọmọ Mọ́ Lábẹ́

Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ooru mú jù ní ìlú kan, ni ìjọba bá gbin igba igi síbẹ̀, wọ́n sì kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ará ìlú gbọ́ràn: wọn kò tilẹ̀ bomi rin wọ́n. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé, igi ìjọba gbẹ dànù.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló yè, níwájú ilé Ìyá Mọ̀rẹ́nikẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni ìyá àgbà yìí ri ìwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kí ọmọ náà lè ní igi tirẹ̀ bí àwọn baba rẹ̀ ti ní. Lọ́jọ́ kan, Láṣebìkan, òṣìṣẹ́ ìjọba, gbé wáyà ẹlẹ́gùn-ún dé.

"Ìyá, èyí nìkan ló kù fún wa. A óò fi wáyà yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má baà dé ibẹ̀ mọ́."

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni? Omi ìwẹ̀ ọmọ ni mò ń dà sí i láràárọ̀. Bí ewúrẹ́ bá wò ó lásán, òkò ti bà á. Nínú igba tí ẹ gbìn, èwo lẹ mọ orúkọ rẹ̀?"

"Igi tún ń jẹ́ orúkọ ni?"

"Àlàó ni tèmi yìí. Orúkọ ọmọ náà ni."

Láṣebìkan wo ewé tútù náà títí. Ó ká wáyà rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, ó gbé ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ nínú àwọn ọmọ igi tó fẹ́ fi rọ́pò èyí tó kú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀:

"Ìyá, ilé ta ni wọ́n tún ti bímọ ládùúgbò yìí?"