Ẹran tí Ó Kúnlẹ̀ Gba Búrẹ́dì

Ọkùnrin kan wà, ọmọ ilẹ̀ wa, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó ní ìlú òtútù kan lókè òkun. Ní òwúrọ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Ojú ọ̀run ṣú, òjò dídì sì ti bo ilẹ̀ dé orúnkún. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ẹranko kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ń wò ó lẹ́nu.

Múùsì ni wọ́n ń pe ẹran náà. Ìbátan àgbọ̀nrín ni, ṣùgbọ́n ó ga ju ẹṣin lọ. Awọ kan rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀ bí àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìwo akọ rẹ̀ a máa fẹ̀ bí àtẹ, a sì máa já bọ́ nígbà òtútù kí òmíràn tó hù. Tí ewé bá tán nínú igbó, ẹ̀ka igi àti èèpo igi ni ó ń jẹ títí ewé yóò fi rú. Kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n nílé tí wọ́n ti tọ́ ọkùnrin yìí, ènìyàn kì í jẹun lójú ẹlòmíràn kí ó má pè é. Àlejò tí ó bá mọ̀wà náà yóò dáhùn pé á gba ibi ire, yóò sì jókòó jẹ́ẹ́. Múùsì kò mọ ìyẹn. Ọkùnrin náà ju búrẹ́dì sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹran náà ká ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ ẹ́.

Inú ọkùnrin náà dùn. Ó pe ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé, ọmọ ilẹ̀ wa ni òun náà, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ jù ú lọ.

"Jáde wá wo ẹran tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹnì kejì rẹ̀ wò ó. "Ọrùn rẹ̀ ló kúrú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ ò tólẹ̀. Bó bá fẹ́ jẹ koríko, bó ṣe máa kúnlẹ̀ fún koríko náà nìyẹn."

"Ìlara lò ń ṣe. Ta ló kúnlẹ̀ kí ọ rí látìgbà tí o ti dé ìlú yìí?"

"Kò sẹ́ni kankan. Ara mi sì le."

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí kò jẹun òwúrọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹran náà jẹ. Ìyá onílé wọn, arúgbó tí ó ń dá gbé nísàlẹ̀ ilé, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ìyá." Lọ́jọ́ kejì, ó fi kún búrẹ́dì náà.

Ẹran náà kò dúró nídìí ọgbà mọ́. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni ó ń dúró sí. Lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà sùn jù, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó wá jí mi síṣẹ́ ni."

"Wo etí rẹ̀," ni ẹnì kejì rẹ̀ wí. "Ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn orí. Irun ọrùn rẹ̀ sì ti dìde. Tó bá ti rí báyìí, inú ń bí i."

"Sí èmi tó ń kúnlẹ̀ fún?"

Ohun tí ó ń bí mi nínú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ẹran náà kò fọwọ́ kàn án títí dópin. Ìgbà wo ni ó bá a tí kò sí búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá onílé ni ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan láti gbọ́n òjò dídì kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ẹran náà sún mọ́ ọn, ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹṣin fi ń ta ènìyàn. Ẹsẹ̀ iwájú ni múùsì fi ń lù ú. Ó lu ìyá náà mọ́lẹ̀, apá rẹ̀ kán, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀.

Àwọn tí ń ṣọ́ igbó dé pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n ní ẹran tí ó bá ti mọ ọwọ́ ènìyàn bí ibi oúnjẹ kì í gbàgbé. Nídìí ọgbà ni wọ́n ti yìn ín níbọn. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì, ó ń sunkún, ó ń sọ pé ìkà ni àwọn ará ìlú náà. Ẹnì kejì rẹ̀ ń kó aṣọ ìyá onílé jọ láti gbé lọ bá a ní ọsibítù.

Ọlágòkè, ó ti sú mi láti máa sọ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ fún ọ ní ṣókí, ni mo ṣe sọ ọ́ gùn báyìí. Tí oòrùn bá ti gòkè tán ni àbúrò rẹ tó ń dé síbi ilé tí à ń kọ́ yìí. Á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ìwọ náà á sì ru páànù kọnkéré tirẹ̀ mọ́ tìrẹ. Bí a bá sọ̀rọ̀, wàá ní ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún ọ. Lánàá, ó ní kí ìyá tó ń pọn omi fún wa bá òun ru iyanrìn. Ìyá náà ní òun kọ́ ló bí i. Àbúrò rẹ tì í sínú kòtò ìpìlẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá náà ti ń wá a kiri, ọ̀gá sì ti ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, òun yóò lé e. Ìwọ kò farapa. Ìwọ kọ́ ni yóò farapa. Ọrùn rẹ̀ ló kúrú, Ọlágòkè. Páànù tí o ń bá a rù ló ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Kò pẹ́ tí àbúrò Ọlágòkè fi yọ lọ́nà, ó ju bàtà sílẹ̀, ó sì nà gbalaja sórí iyanrìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ṣé," ni Ọlágòkè wí. Ó tẹríba gbé páànù tirẹ̀ lé orí, ó fi ti àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó wà, ó sì gun àkàbà lọ.