Aránṣọ Tó Bá Obìnrin Inú Ìtàn Wí

Obìnrin aránṣọ kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa níbí. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó fún ọ̀pọ̀ ìyàwó tó ti di ìyá àgbà lónìí. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ ń wá ẹni tí yóò bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ gan-an kò hàn sí i mọ́. Ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì jókòó sílé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló dùn ún jù, ìwé ni. Obìnrin náà fẹ́ràn ìwé ìtàn púpọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ mọ èyí. Nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fi ìtàn kan sínú fóònù fún un, irú èyí tí ẹnì kan ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí èèyàn kàn máa ń fetí gbọ́.

"Màmá, ibí yìí ni kí ẹ tẹ̀ kó máa kà. Tí ẹ bá tún un tẹ̀, yóò dákẹ́ dè yín."

"Ta ló ń kà á?"

"Obìnrin kan ni. Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n kà ṣá? Àwọn kan máa ń kàwé bí akọ̀wé tó ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé."

Obìnrin náà mọ̀ ọ́n kà. Bí ó bá kan ọkọ oníkanra inú ìtàn náà, ohùn rẹ̀ á wúwo. Bí ó bá kan ìyá ọkọ, á máa ránmú. Ìtàn ọ̀rẹ́ méjì ni. Wọ́n pàdé ní ìdí ẹ̀rọ ìlọta nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọ́n jà sí ẹni tó kàn, wọn kò sì tún fi ara wọn sílẹ̀ títí irun fi funfun lórí wọn. Ìtàn náà wọ aránṣọ lára. Ó ń ṣa ẹ̀wà, ìtàn ń lọ. Ó ń ká aṣọ, ìtàn ń lọ. Ó sì máa ń dá a lóhùn. "Má gbà fún un!" "Háà, ọ̀rẹ́ gidi nìyẹn!" Ọbẹ̀ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, kò tilẹ̀ bínú. Bí ó bá dé ibi tó dùn jù, á tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́ ná, kó má baà tètè tán.

Aránṣọ yìí náà ní ọ̀rẹ́. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbòmìnira, "Olùkù mi" ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Nígbà tí aránṣọ bí ọmọbìnrin rẹ̀ tí omi ọyàn kò wá, Àwẹ̀ró, tí òun náà ní ọmọ ọwọ́, ló fún ọmọ náà lọ́yàn títí ara ìyá rẹ̀ fi yá.

Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Àwẹ̀ró. Apá kan ara rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì kọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Aránṣọ lọ wò ó. Ó pè é. Àwẹ̀ró la ẹnu, ohùn tó jáde kò jọ ohùn èèyàn tó mọ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Aránṣọ padà sílé, kò lè jẹun. Láti ìgbà náà kò tún lọ mọ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní ojú òun ni kò jẹ́. Ojú kọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Kò mọ ohun tí òun yóò sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, ìtàn ń lọ. Ó dé ibi tí ọkọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kú. Ìbànújẹ́ di obìnrin náà lẹ́nu, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Èkejì kò mọ bí yóò ṣe tù ú nínú, ó bá fara pamọ́ sílé rẹ̀, ó ń fi oúnjẹ rán èèyàn sí i. Inú bí aránṣọ. Ó da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo.

"Ta ló ní kó o sọ nǹkan kan? Dìde, kó o lọ jókòó tì í! Ṣé oúnjẹ ló ń wá ni? Ìwọ ló ń wá!"

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kú lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ohùn inú fóònù ń kà lọ, ṣùgbọ́n aránṣọ kò gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ló ń gbọ́.

"Pa á," ló wí. Ó mí kanlẹ̀. "Ẹnu mi ti dá mi lẹ́bi. Bá mi mú gèlè mi wá."

Ìyàwó ọmọ Àwẹ̀ró ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. "Ẹ kú àtijọ́, mà. Wọn kì í dá èèyàn lóhùn o. A ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́."

"Ọ̀rọ̀ kọ́ ni mo wá gbà lẹ́nu ẹ̀," ni aránṣọ wí. "Ìtàn ni mo gbé wá fún un."

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó táràrà títí ó fi rí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dì mú. "Olùkù mi, ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi wá. Foríjì mí." Ó gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìtàn dé ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ní bàtà kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń wọ̀ lọ sóde. Ọjọ́ ìkórè dé, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pín bàtà náà, ẹsẹ̀ kan ẹnì kan, wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ kejì bí ẹni fara pa, wọ́n ń tiro wọlé. Àlùfáà rí wọn, àánú ṣe é, ó ní kí gbogbo ìjọ dìde gbàdúrà ìwòsàn fún wọn.

Aránṣọ fọwọ́ mọ̀ ọ́n pé ara Àwẹ̀ró ń gbọ̀n. Jìnnìjìnnì bò ó. "Ẹ gbà mí! Kí ló ń ṣe é?"

Ìyàwó ilé sáré wọlé, ó wò, ó káwọ́ lérí. "Màmá, ẹ̀rín ni! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín!"

Aránṣọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó bá ẹ̀rín níbẹ̀, ní ìhà kan ẹnu rẹ̀. Ó gbé orí tì í, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì tutù fún omijé.

Ọ̀rọ̀ kò padà sí Àwẹ̀ró lẹ́nu. Ṣùgbọ́n aránṣọ ń lọ, wọ́n jọ ń gbọ́ ìtàn náà, wọ́n sì gbọ́ ọ tán. Lọ́jọ́ tó tán, Àwẹ̀ró fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá ti fóònù náà padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, mi ò ní kó o má gbọ́ ìtàn. Gbọ́ ọ, kó o gbádùn rẹ̀, kó o sunkún sí i bó bá gba ẹkún. Ṣùgbọ́n bí àánú ẹni inú ìtàn bá ṣe ọ́, má jẹ́ kí àánú náà parí síbẹ̀. Ẹnì kan wà tí o kò lọ kí mọ́, nítorí o kò mọ ohun tí wàá wí. Kò retí pé kó o wí nǹkan kan. Orúkọ ta ló sọ sí ọ lọ́kàn bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí? Lọ rí i kí ilẹ̀ òní tó ṣú.