Ìkòkò Oníka Méjì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò lọ jìnnà. Ó balẹ̀ sórí ìkòkò tó jò, ó balẹ̀ sórí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó tà á àti Pẹ́pẹ́yẹ tó rà á. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì sùn. Ẹni tí ọjà bá ti já kulẹ̀ rí mọ ibi tí mò ń lọ.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹran àti ẹyẹ jọ ń ná ọjà kan náà, Àparò ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Pẹ́pẹ́yẹ. Àparò kì í jókòó kó tó sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti kó ìkòkò ńláńlá dé ọjà Ìdí-Àràbà. Ó ní ẹni tó bá ra ọ̀kan, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á fọ́ àpáàdì sí méjì, á fún un ní ìlàjì, á fi ìlàjì kejì sọ́wọ́. Bí ìkòkò bá là, tàbí tó jò kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀, kí oníbàárà mú ìlàjì tirẹ̀ wá. Bí méjèèjì bá ti bára wọn mu, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á san owó padà.

"Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Pẹ́pẹ́yẹ bi í.

"Ẹnu rẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ."

Opó ni Pẹ́pẹ́yẹ. Epo pupa ló ń ṣe tà. Ẹyin sì ti wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ mọ̀ pé bí pẹ́pẹ́yẹ bá ti sàba lé ẹyin, oṣù kan gbáko ni. Kò ní í lọ sọ́jà, kò ní í lọ sóko. Ohun tó bá ti kó jọ sílé ni á máa jẹ. Bí kò bá kó nǹkan jọ, ebi á lé e dìde, ẹyin á tutù, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ọkọ tí ì bá máa gbé oúnjẹ wọlé ti kú. Ìdí nìyí tó fi ń wá ìkòkò ńlá, kí ó lè se epo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó tà á, kí ó fi ra àgbàdo oṣù kan pamọ́. Ẹgbàá owó ẹyọ ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí òmíràn.

Bó ṣe dọ́jà, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rí i lókèèrè, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ìyá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti Pẹ́pẹ́yẹ ti jọ pàtẹ sábẹ́ ibòji kan rí, nítorí náà "Ìyá mi" ló ń pè é. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó mọ èèyàn kí, ó ṣòro kéèyàn fura sí i.

Ó yí ìkòkò kan dojú dé, ó fi ìdí rẹ̀ hàn án. Ojú àtàǹpàkò méjì wà níbẹ̀, tí amọ̀kòkò tẹ̀ sára amọ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá mi. Ìka kan ni ti ìkòkò lásán. Àwọn tó lágbára nìkan ni wọ́n ń tẹ ìka méjì sí nídìí."

Ó bu omi kún un. Omi kò kán. Pẹ́pẹ́yẹ san ẹgbàá rẹ̀, ó gba ìlàjì àpáàdì, ó so ó mọ́ etí aṣọ, ó gbé ìkòkò rù, ó ń lọ sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gún ẹyìn, tó fi kó epo tútù jọ sínú igbá. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò tuntun, ó dáná sí i. Epo náà kò tíì hó tó fi gbọ́ tó, tó, tó. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ìkòkò, iná ti gba epo, ó fò sókè, ó jó ìyẹ́ ìrù rẹ̀. Ó fi erùpẹ̀ pa iná. Nígbà tí èéfín máa túká, ìlàjì epo ti lọ. Ìkòkò sì ń rùn. Kò rùn bí epo, kò rùn bí eérú. Oyin ló ń rùn.

Pẹ́pẹ́yẹ kò sunkún. Ó gbé ìkòkò náà padà sọ́jà.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kí i kú jàǹbá. Ó gbé àpótí fún un, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ìrù rẹ̀ tó jó náà. Ìgbà tó kan owó ni ọ̀rọ̀ yí padà.

"Ìyá mi, ọwọ́ mi yìí kò kan amọ̀ rí. Títà ni tèmi. Òkété tó wà lókè odò ló mọ ọ́n, òun lẹ máa bá. Bí ẹ bá ra iṣu tó jẹrà nínú, ṣé alájàpá lẹ máa mú ni, àbí ẹni tó gbìn ín?"

"Àpáàdì tó o fọ́ fún mi ńkọ́?"

"Òkété ni mo bá fọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Pẹ́pẹ́yẹ tún gbé ìkòkò rù. Ọjọ́ méjì ló fi rìn, ẹyin wúwo nínú rẹ̀, ìrù ń ta á. Orin tó ń kọ lọ nìyí, ẹ máa gbè é:

Mo rà á lọ́jà, mo gbé e kaná,
*Tó, tó, tó.*
Ẹni tó tà á ní òun kọ́ ló mọ ọ́n,
*Tó, tó, tó.*
Ẹni tó mọ ọ́n, kí ni á wí fún mi?
*Tó, tó, tó.*

Ó bá Òkété nídìí ebu, níbi tó ti ń sun ìkòkò, amọ̀ bò ó dé ìgúnpá. Òkété kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀ ẹnu. Ó ní òun kò ta ìkòkò fún pẹ́pẹ́yẹ kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tó yí ìkòkò náà dojú dé, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní bí ìkòkò bá sán nígbà tí òun bá ń sá a lóòrùn, kí amọ̀ tó gbẹ tán òun máa ń tẹ ìka kejì sí i nídìí, kí òun lè dá a mọ̀. Òun á ṣì sun ún, nítorí ó dára láti fi gbin ẹ̀fọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá, ó ra ogún nínú wọn, igba owó ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun sì sọ fún un pé kó má ṣe gbé wọn kaná.

Pẹ́pẹ́yẹ fi ẹnu họ ibi tó sán náà. Ìda oyin ló kù síbẹ̀. Ìda ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi dí i. Omi tútù kò lè rí i, iná ló rí i. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò sì bèèrè ohun tí ìka méjì jẹ́. Ó rí i lára gbogbo ogún, ó sọ ọ́ di ẹwà.

"Ṣé ó yẹ kí n san ẹgbàá lórí ohun tí mo gba igba lé?" ni Òkété bi í.

"Kò yẹ, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé ọjà."

Òkété ní òun kò lè fi ebu sílẹ̀.

"Ẹyin ń bẹ nínú mi, Bàbá. Ọjọ́ méje ló kù. N kò ní àgbàdo nílé."

Òkété wo iná rẹ̀, ó wo Pẹ́pẹ́yẹ. Ó lọ fọ ọwọ́.

Nígbà tí wọ́n dọ́jà, Òkété fara pamọ́ sẹ́yìn Àgùntàn, tí í ṣe Ìyálọ́jà. Irun Àgùntàn pọ̀, kò sẹ́ni tó rí Òkété. Pẹ́pẹ́yẹ ní kí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jọ̀ọ́, kó tún sọ ti ìka méjì fún Ìyálọ́jà, nítorí òun kò mọ̀ ọ́n sọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rò pé oníbàárà tuntun dé. Ó sọ ọ́, ó fi ijó sí i. Ó ní ìka mẹ́ta ì bá tiẹ̀ wà, ọba nìkan ni ì bá máa rà á.

Òkété bá yọjú. Ó sọ ohun tí ìka kejì jẹ́, ó jókòó.

Gbogbo ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìkòkò dojú dé. Méjì. Méjì. Méjì.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò fẹ́ kú. Ó ní ẹ ò rí i, amọ̀kòkò ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló mọ ọ́n tó sán. Òun náà ni kó san.

Àgùntàn jẹ koríko ẹnu rẹ̀ tán kó tó dá a lóhùn.

"Ẹgbàá yẹn, ọwọ́ ta ló bọ́ sí?"

"Ọwọ́ mi ni, Ìyálọ́jà."

"Ta ló fọ́ àpáàdì?"

"Èmi ni."

"Nígbà tó o jẹ èrè ẹgbẹ̀sán, ṣé o ránṣẹ́ pe Òkété kó wá bá ọ jẹ ẹ́? Bí Òkété bá tiẹ̀ jẹ̀bi, ìwọ ni á kọ́kọ́ san owó oníbàárà, kó o tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn lọ bá Òkété fà á. Ìrìn alájàpá kì í ṣe ìrìn oníbàárà."

Ó tán. Àwọn tó kù tó ti ra ìkòkò yọ àpáàdì tiwọn, wọ́n sì gba gbogbo owó tó wà nínú àpò Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nígbà tó fi máa kan Pẹ́pẹ́yẹ, àpò ti gbẹ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wólẹ̀. Ó ní kí Ìyá òun jẹ́ kí òun wá máa bá wọn ṣọ́ ẹyin títí gbèsè á fi tán.

Pẹ́pẹ́yẹ wo eyín rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ràn rẹ. Kò tó bẹ́ẹ̀."

Ọjà rẹ́rìn-ín, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe é báyìí: kí ó máa ru ìkòkò oníka kan fún Òkété, kí Òkété máa sanwó iṣẹ́ fún un lójoojúmọ́, kí ó máa fi ra àgbàdo lọ fún Pẹ́pẹ́yẹ títí ẹgbàá á fi pé. Ẹnu ọ̀nà ni kó gbé e sí. Kò gbọdọ̀ wọlé. Àparò ni á máa kà á.

Pẹ́pẹ́yẹ sàba. Àgbàdo ń dé. Bí òjò rọ̀, àgbàdo dé. Lọ́jọ́ kan tó dín, Àparò pariwo títí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi padà lọ mú ìyókù wá.

Lọ́jọ́ tí ẹgbàá pé, ọmọ mẹ́jọ ti tẹ̀lé Pẹ́pẹ́yẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ àgbàdo kalẹ̀, ó mú ìlàjì àpáàdì rẹ̀ jáde. Pẹ́pẹ́yẹ tú tirẹ̀ létí aṣọ. Wọ́n fi méjèèjì kanra, ó bára mu, kò ku ojú kankan. Pẹ́pẹ́yẹ fi í bu omi fún àwọn ọmọ rẹ̀, omi gba ojú ibi tó ti fọ́ jò lọ, òun àti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ó fìdí múlẹ̀ bí ìkòkò oníka kan: ọwọ́ tó gba owó ni kó gba ẹjọ́. Bí ẹ bá ń tajà, ẹ má ṣe rán oníbàárà lọ sókè odò. Bí mo bá sì pa irọ́ níbẹ̀, kí ìkòkò ọbẹ̀ mi jò lọ́la. Ṣùgbọ́n n kò purọ́, ẹ ó jẹ ọbẹ̀.