Ìdí tí Lámilámi fi ń Padà sórí Ẹ̀ka Kan Náà

Nígbà láéláé, nígbà tí kámẹ́rà ṣì ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ẹni tó ń ya fọ́tò sì ní láti fi aṣọ dúdú borí kó tó ríran, Lámilámi kì í bà lé ohunkóhun. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹun. Bí ẹ bá ní kó jókòó, á ní ìdí òun á dọ̀tí.

Ṣùgbọ́n inú omi ló ń yé ẹyin sí. Ìsàlẹ̀ odò ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé títí wọn ó fi dàgbà, tí wọn ó hu ìyẹ́. Ìyá ń sáré kọjá lókè, ọmọ wà nísàlẹ̀, wọn kò mọ ojú rẹ̀ rí.

Kọ̀ǹkọ̀ mọ èyí. Alájẹkì ni, ikùn rẹ̀ kò mọ ìtìjú. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ bá àwọn ọmọ náà, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi dáadáa, èmi ni ìyá yín. Ẹ wá, kí n gbá yín mọ́ra." Àwọn tó lọ kò padà mọ́.

Nígbà tí Lámilámi gbọ́, ó sunkún títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi wú rọ̀bọ̀tọ̀. Àbí ẹ rò pé lásán ni ojú rẹ̀ ṣe tóbi tó yẹn?

Obìnrin kan wà létí odò náà, Àwẹ̀ró ayafọ́tò. Ó fi ìyàwó ọ̀ṣìngín àti àwọn olóyè sílẹ̀, èèrà àti ìrẹ̀ ló ń yà. Aráàlú ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í kó kòkòrò sínú ìgò kó tó yà á. Ilé wọn ló ń lọ bá wọn, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya fọ́tò yín ni." Èmi fẹ́ràn obìnrin yìí púpọ̀.

Lámilámi fò tọ̀ ọ́ lọ. "Àǹtí Àwẹ̀ró, ẹ gbà mí! Ẹ ya fọ́tò mi, kí n fún àwọn ọmọ mi, kí wọ́n lè dá mi mọ̀."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n ṣé o lè dúró jẹ́ẹ́?"

"Kí ló tún le níbẹ̀?"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Àwẹ̀ró nawọ́ sí ẹ̀ka gbígbẹ kan tó na orí sókè odò, Lámilámi sì bà lé e. Àwẹ̀ró fẹ́ẹ̀ borí tán ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Lámilámi, ló bá fò lọ. Fọ́tò náà jáde, ó rí bí èéfín.

"Ta nìyí?" ni Lámilámi béèrè.

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ mà ni! Padà sórí ẹ̀ka yẹn, oníwàdùwàdù."

Ó padà, ó tún fò lọ. Àwẹ̀ró kò bínú, ó tún pè é. Níkẹyìn Lámilámi rántí àwọn ọmọ tí Kọ̀ǹkọ̀ ti gbé mì, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn kedere nínú fọ́tò náà.

Láyé ìgbà yẹn, inú abọ́ omi ni wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Lámilámi rí i bí Àwẹ̀ró ṣe ń fọ tirẹ̀, ó ní, "Áà, fọ́tò fẹ́ràn omi!" Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé e, ó jù ú sódò.

Fọ́tò kò rì. Ó léfòó, ojú rẹ̀ kọ sókè, ẹ̀yìn funfun báláú nìkan ni àwọn ọmọ rí. Odò sì gbé e lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni Kọ̀ǹkọ̀ dé. "Ẹ máa bọ̀, ọmọ mi!" Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá a.

"Àǹtí Àwẹ̀ró, wọ́n ń lọ o!"

"Padà sórí ẹ̀ka rẹ!" Àwẹ̀ró pariwo. "Dúró bí o ṣe dúró fún mi. Jẹ́ kí wọ́n rí ìwọ fúnra rẹ!"

Lámilámi bà lé e. Kọ̀ǹkọ̀ rí i, inú bí i, ó fò sókè láti gbé e mì. Lámilámi yẹra, ó tún padà. Kọ̀ǹkọ̀ ta omi sí i lára, ó yẹra, ó padà. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, síbẹ̀ ó ń padà.

Àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ náà gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Ẹni tí wọ́n ń lé, tó ṣì ń padà wá síbi tí a wà, ìyá wa nìyẹn."

Gbogbo wọn yí padà, wọ́n kó wọnú ẹrẹ̀ lọ sá pamọ́. Ebi ni Kọ̀ǹkọ̀ gbé sùn.

Láti ọjọ́ náà ni Lámilámi ti ń padà sórí ẹ̀ka kan náà. Bí ẹ bá lé e, á fò yí ká díẹ̀, á tún padà síbẹ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò kòkòrò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í lé e, jíjókòó ni wọ́n máa ń jókòó dè é. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí i létí odò, ẹ má sọ ọ́ lókùúta. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti ìsàlẹ̀.